Ọmọ Tó Ń Bẹ̀rù Kílípà

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ẹ di ọmọ mú tọwọ́-tẹsẹ̀ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lánàá, tó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi náà ṣe é fún àkọ́bí mi. Nígbà tó yá, ìró ẹ̀rọ ìlọta lásán ti tó láti mú un gbọ̀n.

Bí ìbẹ̀rù ṣe ń ràn nìyẹn. Lọ́dún 1920, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, John Watson àti Rosalie Rayner gbé eku funfun síwájú ọmọ oṣù mọ́kànlá kan tí wọ́n pè ní Albert. Kò bẹ̀rù eku tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti nawọ́ sí i, wọn á fi òòlù lu irin gbàù lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń sunkún bó bá rí eku, tó tún ń sá fún ehoro. Wọn ò yọ ìbẹ̀rù náà kúrò kí Albert tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Obìnrin kan, Mary Cover Jones, ló wá ọ̀nà àtúnṣe. Ìròyìn tó kọ lọ́dún 1924 dá lórí Peter, ọmọ bí ọdún mẹ́ta tó ń bẹ̀rù ehoro. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré níbi tí ehoro wà, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀. Àfi bí àìsàn ṣe gbé e dé ọsibítù fún oṣù méjì, ajá ńlá kan tún dẹ́rù bà á, gbogbo rẹ̀ bá padà sẹ́yìn. Ni wọ́n bá ń fún un lóúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro inú àgò onírin wá sọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Peter ń jẹ́ kí ehoro máa fẹnu tọ́ ìka rẹ̀ wò.

Nítorí náà, dín dòdò. Kí bàbá ọmọ tan kílípà ní yàrá kejì bí ọmọ ṣe ń jẹun. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu ọ̀nà. Bó bá dáwọ́ oúnjẹ dúró, ẹ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ padà sẹ́yìn. Jones fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé béèyàn bá ṣe é láìfarabalẹ̀, oúnjẹ gan-an ni ọmọ á wá máa bẹ̀rù. Kó tún máa wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń gẹrun.

Ìyá ọkọ rẹ á ní irun ọmọ ti kún jù. Fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.