Ìsun, Ìṣàn, Adágún: Ẹ̀kọ́ Láti Ojú Ọ̀nà



Ní họlidé tó kọjá, ọ̀kan nínú wa bá ìyá rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, bùọ̀dá mi fẹ́ mú mi lọ wo odò kan tó wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè." Màmá dáhùn pé, "Odò kẹ̀? Ṣé odò máa ń dúró sójú kan ni? Adágún lò ń wí, ọmọ mi. Odò á fi ibi tó ń lọ hàn ọ́, ṣùgbọ́n adágún ò ní fi bó ṣe jìn tó hàn ọ́. Má sún mọ́ etí rẹ̀ o."

Nígbà tó sọ ọ́ fún wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rín la kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà la wá rí i pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ ìyàtọ̀. "Omi" là ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ omi, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ìkìlọ̀ nípa rẹ̀?

Ní Switzerland àti Austria, àwọn èèyàn máa ń wa ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú, wọ́n á fi ọjọ́ púpọ̀ rìn láti adágún kan sí òmíràn láàrin àwọn òkè Alps. Ní tiwa, bọ́ọ̀sì àti ilé àlejò ti tó. Ẹ wọlé, ká fi ọjọ́ mẹ́rin rìn láti Upper Sakponba.

Ọjọ́ kìíní: àpáta. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ni tiwa níbí. Bí a bá gba Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, ojú ilẹ̀ á ti yí padà. Òkúta ni èyí tí ọwọ́ lè gbé. Àpáta ni èyí tó tẹ́ tàbí tó ga gàgàrà. Òkè Ìdànrè, tó ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ti wà lórí ìwé tí UNESCO kọ orúkọ àwọn ibi tí wọ́n lè yàn lọ́jọ́ iwájú sí láti ọdún 2007.

Ọjọ́ kejì: ìsun. Ní Ìkògòsì Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun láti inú ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá pàdé. Ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ ibi tí wọ́n ti pàdé, ẹ ó mọ èwo ni èwo. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: ì + sun = ìsun. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "sun". Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì" ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ọjọ́ kẹta: ìṣàn àti òṣòòrò. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi Olúmirin ń já bọ́ láti orí àpáta, ìpele rẹ̀ sì jẹ́ méje. Ì + ṣàn = ìṣàn. Odò Ikpoba tiwa níbí náà ń ṣàn, ṣùgbọ́n kì í já láti òkè bíi Olúmirin. Èyí tó ń dà sílẹ̀ bí omi òjò láti etí òrùlé ni òṣòòrò. Àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀, ẹ rọra tẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin: adágún. A gba Iléṣà àti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, a sùn, a wá gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè. Lẹ́yìn tí a bá gun òkè tán la ó rí Ìyákẹ̀, omi tó dúró sínú kòtò àpáta. Omi tí kò ṣàn, ó dágún nìyẹn. A + dágún = adágún, bíi a + pẹja = apẹja.

Ẹ máa gbọ́ pé irú Ìyákẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ẹ má kọ ọ́ sínú àròkọ o. Adágún orí òkè pọ̀ láyé. Púpọ̀ nínú tàwọn Alps, yìnyín ńlá àtijọ́ ló gbẹ́ kòtò wọn. Ìyákẹ̀ ò nílò irọ́ kó tó lẹ́wà.

Odò ń kọ́? Ẹ má gé e sí "o + dò." Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a kò ṣẹ̀dá ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì.

Iṣẹ́ ṣíṣe
1. Tú àwọn wọ̀nyí palẹ̀: ìrìn, ìdáná, apẹja. Èwo ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, èwo ni ọ̀rọ̀-ìṣe?
2. Fi ìsun, òṣòòrò àti adágún ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.
3. Pe àgbàlagbà kan nílé. Béèrè orúkọ omi tó wà nílùú rẹ̀: ṣé odò ni, ìsun ni, àbí adágún? Kọ ìkìlọ̀ tó bá ṣe fún ọ sílẹ̀, ká kà á ní ìpàdé.

Bí bọ́ọ̀sì bá ń gbé wa lọ sílé ní ìparí táàmù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ọ̀nà sùn. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.