Àkísà Abẹ́ Okùn

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí: Jeremáyà 38:1–13, 39:15–18.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ kà ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí àga ìwàásù nígbà gbogbo. Àwọn ìjòyè Jerúsálẹ́mù fi okùn sọ wòlíì Jeremáyà kalẹ̀ sínú ihò kan tí kò ní omi bí kò ṣe ẹrẹ̀, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ náà. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó dìde gbèjà rẹ̀ níwájú ọba, èyíinì ni Ebedi-Meleki, ìwẹ̀fà ní ààfin, ará Etiópíà, àlejò ní ilẹ̀ náà, aláwọ̀ dúdú bí àwa. Ọba Sedekáyà sì fi ọgbọ̀n ọkùnrin lé e lọ́wọ́ láti lọ yọ wòlíì náà.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, à bá pè é ní iṣẹ́ akin, à bá sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí Ebedi-Meleki tó dé ẹnu ihò, ó yà sí ibì kan lábẹ́ ilé ìṣúra ọba, ó ṣa àkísà àti ògbólógbòó aṣọ, ó fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀ sí Jeremáyà, ó sì ní kí ó fi wọ́n sí abíyá, kí okùn wà lórí wọn. Ọba kò pàṣẹ àkísà. Okùn nìkan tó láti yọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ì bá dá Ebedi-Meleki lẹ́bi bí ó bá mú okùn nìkan lọ. Ẹni tí ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí okùn lè ṣe sí awọ ara. Ìwẹ̀fà yìí ti ro ìrora ẹlòmíràn wò kí ìrora náà tó dé, ohun tí ó sì fi dènà rẹ̀ kò níye lórí rárá.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kì í ṣe àkísà ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ fún ọba lójúkorojú pé ibi ni àwọn ìjòyè wọ̀nyí ṣe. Àwa ní Òkè-Ìmẹ̀sí kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Nígbà tí Fábùnmi dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878, tí ogun Kírìjì sì tẹ̀ lé e títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, ìnilára náà ti kọjá ohun tí ìkíni dáradára lè wò sàn. Oore kékeré kò rọ́pò òdodo, ẹni tí ó bá sì ń fi ẹ̀bùn wẹ́wẹ́ bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀ kò tíì mọ Ebedi-Meleki.

Àwọn baba wa náà mọ okùn. Ní 1821 ni a fi okùn sí Àjàyí ọmọ Oṣoògùn lọ́rùn, tí a sì kó o lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun ní 1822, a sì mú un lọ sí Sàró. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé, ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan, ó sì fi ra ìwé A B D ti ara rẹ̀. Wọn kò dárúkọ ẹni tí ó fún un ní owó náà. Bóyá ó tilẹ̀ kùn díẹ̀ kí ó tó yọ ọ́ lápò! Ní 1850 ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ ọmọ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864 a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Bíbélì tí a ti ń ka ọ̀rọ̀ àkísà yìí lédè wa jẹ́ èso iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ní ọjọ́ ìkórè a ń pe orúkọ àwọn tí ó mú owó ńlá wá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí òrùlé kò lè fi àdúrà nìkan kan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n opó tí kò ní ohun tí a lè pe orúkọ rẹ̀ sí lè fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí ó má sì padà wá mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wà láàrin wa tí gbogbo ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Owó ń dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, a dúpẹ́. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò bá ìyá pọn omi, kò sí ẹni tí yóò ka ohun tí a kọ sára ìgò oògùn fún baba. Okùn ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àkísà ni kò sí.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka Rúùtù orí 2 kí wọ́n tó pàdé, kí wọ́n sì wo ohun tí Bóásì pa láṣẹ fún àwọn olùkórè rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kí olúkúlùkù sì mú orúkọ ẹnìkan wá tí a kò rí nínú ìjọ láti oṣù mẹ́ta. Kí ẹ tó túká, ẹ pín àwọn orúkọ náà láàrin ara yín, ilé kan fún ẹni kan.