Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ÒBÍ: Ẹ̀GBỌ́N ÀTI ÀBÚRÒ ỌMỌ TÍ Ó NÍ Ọ́TÍSÌMÙ

Bí àgbẹ̀ bá rí ọ̀gbìn kan tí ó ń rọ, a máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbàgbé àwọn ìyókù, ọ̀dá yóò pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó lè rí nínú ilé tí ọmọ kan bá ní ọ́tísìmù.

Ọ́tísìmù jẹ́ ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ti ń dàgbà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀; ó lè má wo ojú ẹni; ariwo ọjà sì lè dẹ́rù bà á. Ní 1943 ni oníṣègùn Leo Kanner, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ràn.

Ká ní ọmọkùnrin ọlọ́dún 6 bẹ́ẹ̀ wà ní Ìpájà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ọlọ́dún 9. Bí àbúrò bá fa ìwé rẹ̀ ya, wọn a ní kí ó mú sùúrù. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá fi àbúrò ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni yóò gbèjà rẹ̀. Ta ni ó bi í pé, “Ìwọ ńkọ́?” Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, ó sì tún ń bínú sí i, ọkàn rẹ̀ a sì máa dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí:

Ìkíní, ẹ sọ òtítọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó lè yé e, pé kì í ṣe òun ni ó fà á.

Èkejì, ẹ ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún òun nìkan.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìyá kékeré. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Iṣẹ́ tí ó mọ níwọ̀n ni kí ẹ fún un.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ àwọn méjèèjì ní eré tí wọn lè jọ ṣe, bíi jíju bọ́ọ̀lù síra wọn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá ìrànlọ́wọ́. Ní Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Ìpájà, ni Dọ̀tun Àkàndé, ìyá ọmọ tí ó ní ọ́tísìmù, ti dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní 2006.

Òbí kò ní wà títí; ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yóò kù fún ara wọn. Ọmọ tí a di ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ rù lè sá fún ẹrù náà lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí tí a tọ́jú ni yóò mọ bí a ti ń tọ́jú ẹlòmíràn.