Òtútù, Ọyẹ́ àti Ọ̀gìnnìtìn

Òtútù tí ará Jamestown, àdúgbò kan ní Accra ní orílẹ̀-èdè Ghana, ń sọ yàtọ̀ sí èyí tí ará Chicago ń sọ. Ní oṣù Kẹjọ, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Accra, ooru ọ̀sán kì í sì í sábà ju nǹkan bí 27 tàbí 28 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àsìkò yìí ni inú àwọn apẹja ń dùn, torí omi tútù náà ló ń kó ẹja ṣáwá wá sítòsí èbúté. Síbẹ̀, ẹni tó bá jáde ní ìdájí yóò wá aṣọ bora. Ní Chicago, ní ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ojú ọjọ́ tutù débi nǹkan bí 30 sí ìsàlẹ̀ òdo. Àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Accra tipẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pàdé ọmọ Yorùbá tó ti Amẹ́ríkà wá síbi àjọ̀dún Chale Wote, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jamestown ní ọdún 2011, tí wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ nípa ojú ọjọ́, "òtútù" nìkan kò lè ru ìtàn àwọn méjèèjì.

Òtútù ni orúkọ gbogboogbò: ó kan ti òjò, ti òru, ti ẹ̀rọ amúlétutù àti ti ibà. Ọyẹ́ ní ààyè tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tó ń fẹ́ láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ọyẹ́ ló ń mú kí ètè là, kí ẹsẹ̀ funfun, kí eruku bo ojú ọ̀run, kí epo pupa sì dì nínú ìgò. Nítorí náà, kò tọ́ kí a pe òtútù London, tó kún fún ọ̀rinrin, ní ọyẹ́. Ọ̀gìnnìtìn ló bá a mu: òtútù líle tó ń wọni léegun, yálà yìnyín bá a rìn tàbí kò bá a rìn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní àṣàyàn. Òjò àti oòrùn a máa pa ènìyàn. Òtútù, ooru àti ọyẹ́ a máa mú un. Atẹ́gùn a máa fẹ́ sí i. "Òjò pa mí", "oòrùn pa wọ́n", "òtútù ń mú Màmá" ni Yorùbá tó gún. Ojú ọjọ́ ni olùṣe nínú gbólóhùn, ènìyàn ni ó ń gba ìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sókè òkun ló ń sọ pé "mo tutù" nígbà tí òtútù ń mú wọn. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Bákan náà, "ìlú tutù" ń sọ nípa àlàáfíà. Tí ó bá jẹ́ ojú ọjọ́ ni, kí a dárúkọ rẹ̀: "ojú ọjọ́ tutù ní Accra lónìí."

Yìnyín ni ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí tó ń bá òjò rọ̀, tó ń dún lórí páànù, tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òjò dídì, ìyẹn èyí tó funfun, tó fúyẹ́ bí òwú. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe méjèèjì ní yìnyín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ròyìn Chicago yóò ṣe dáadáa bó bá lo òjò dídì, kí olùgbọ́ ní Jamestown má baà rò pé òkúta yìnyín ló ń bọ́ lé wọn lórí.

Ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín. "Omi dì" ni pé ó le gbagidi. "Omi di yìnyín" ni pé ó yí padà di nǹkan mìíràn. Tí oòrùn bá ràn, òjò dídì yóò yọ́. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ yóò máa yọ̀, ẹni tí kò bá rọra yóò ṣubú. Ẹni tó bá ní "ilẹ̀ yọ́" ti sọ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ domi.

Bí òtútù ṣe pọ̀ tó tún ní èdè tirẹ̀. Omi inú àmù tutù nini, ó sì dùn mọ́ ọ̀fun. Ẹni tí ọ̀gìnnìtìn mú ń gbọ̀n rìrì. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì gan.

Ìkíni ló parí rẹ̀, nítorí Yorùbá kì í fi ojú ọjọ́ sílẹ̀ láìkí ara wọn sí i. Ẹni tó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Chicago lóṣù Kìn-ín-ní yóò ní, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o." Ẹ̀gbọ́n náà yóò kí àbúrò rẹ̀ ní Accra padà pé, "Kú ọyẹ́ o." Tó bá di oṣù Kẹjọ, "kú òtútù" ló tọ́ sí ará Jamestown.