Ẹ̀kọ́ Wa: Ọ̀ṣọ́ Ilé Láìsí Ìnáàpà
Nínú Súrátù Al-A'ráf, ẹsẹ 31, Ọlọ́run pàṣẹ ọ̀ṣọ́ fún wa níbi ìjọ́sìn, Ó sì kọ ìnáàpà fún wa. Nítorí náà, ilé tó mọ́, tó sì lẹ́wà, kò lòdì sí ẹ̀sìn. Gbèsè nítorí àga òkè òkun ni kò yẹ wá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ní ìlú Bìní tí a tẹ̀dó sí yìí, ẹ wo Òpópónà Igun. Àwọn aṣẹ́dẹ ibẹ̀ á fi ìda mọ nǹkan, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda kúrò, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897.

Ọ̀pọ̀ àlùfáà kò fẹ́ ère nínú ilé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí á tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ àwọn onílé wa. Agogo àti ẹ̀gbà ọwọ́ kì í ṣe ère. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó.