Alùpùpù Tí Kì í Kúrò Lójú Kan

Ẹni tí ó bá wọ ilé eré ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Jàpáànù ní apá ìparí ọdún 1985 lè bá alùpùpù pupa kan níbẹ̀ tí yóò yà á lẹ́nu. Ó tóbi tó alùpùpù gidi. Ó ní ìjókòó, ó ní ọwọ́ méjèèjì tí a fi ń tọ́ ọ, ó sì ní bíréèkì. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹnikẹ́ni kì í bu epo sí i, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti gbé e kalẹ̀, kò tí ì kúrò ní ipò rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀ ẹni tí ó jókòó lé e a máa dì í mú ṣinṣin, a máa fi ara dà sọ́tùn-ún sósì, òógùn a sì máa bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Hang-On ni orúkọ eré náà. Ilé-iṣẹ́ Sega ni ó ṣe é, Yu Suzuki sì ni olórí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ọdún 1958 ni wọ́n bí ọkùnrin yìí. Kò ju bí ọdún méjì lọ tí ó wọ iṣẹ́ Sega kí eré náà tó jáde.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ gbé alùpùpù wọ inú eré ẹ̀rọ. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Nintendo, ní Jàpáànù kan náà, ti gbé Excitebike jáde, èyí tí Shigeru Miyamoto ṣe ètò rẹ̀. Eré tí ó dùn ni. Bí eléré bá fi ìwọra sáré jù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a gbóná, a sì dúró títí yóò fi tutù. Bí ó bá ṣubú, a ó rí ọkùnrin kékeré inú àwòrán náà tí ó ń sáré padà lọ bá alùpùpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyókù ara jókòó jẹ́ẹ́.

Gbogbo ara ni Suzuki fẹ́ kí ó ṣeré. Ní àkókò náà, àwọn tí ń fi alùpùpù díje kì í jókòó ṣánṣán bí wọ́n bá dé kọ́nà. Wọn a yọ ìdí kúrò lórí ìjókòó, wọn a rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ yà sí, orúnkún wọn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ ilẹ̀. Freddie Spencer, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé lórí alùpùpù 250 cc àti ti 500 cc pọ̀ nínú ọdún 1985 yẹn, jẹ́ ọ̀gá nínú àṣà náà. Àṣà yìí ni àwọn ará Jàpáànù ń pè ní hang-on. Nítorí náà, bí eléré bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, kò sí bọ́tìnì tí yóò tẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwúwo ara rẹ̀ da alùpùpù náà sí ọ̀tún.

Ojú gan-an ni ẹ̀rọ náà ń tàn. Alùpùpù dúró, títì ni ó ń sá bọ̀. Igi kan yọ ní òkèèrè, ó kéré bí èkùrọ́; kí eléré tó ṣẹ́jú, ó ti tó ìka, ó ti tó apá, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Igi náà kò sì rìn rárá. Àwòrán ni, tí ẹ̀rọ ń sọ di ńlá díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń tún un yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Títì pàápàá kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò léra lọ. Bí ẹ̀rọ bá sún àwọn ìlà òkè sí òsì ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ojú ẹ̀dá a gbà pé ọ̀nà yà sí òsì. Aago kan sì ń ka sẹ́yìn lókè àwòrán náà: bí àkókò bá tán kí eléré tó dé ààlà tí ó kàn, eré parí, owó ẹyọ mìíràn ni yóò tún wọlé. Bí ó bá forí sọ pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, iná a sọ gùù, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi tún gun alùpùpù rẹ̀ láìní egbò kan. Àkókò nìkan ni ó pàdánù.

Ní ọdún 1987, Sega gbé Super Hang-On jáde, ó sì fi ọ̀nà mẹ́rin sínú rẹ̀. Ọ̀nà Áfíríkà ni ó rọrùn jù, ìpele 6 péré ni. Ti Yúróòpù ni ó le jù, ó ní ìpele 18. Ẹni tí ó bá mọ kòtò ojú títì Áfíríkà kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó mọ eré yìí í ṣe lè gun alùpùpù gidi? Ìdajì ni ó mọ̀. Lórí alùpùpù gidi tí ó ń sáré, ẹni tí ó fẹ́ yà sí ọ̀tún a ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú díẹ̀. Táyà iwájú a kọ́kọ́ dojú kọ òsì. Ìsàlẹ̀ alùpùpù a yọ́ lọ sí òsì, òkè rẹ̀ a sì dà sí ọ̀tún. Ìgbà tí ó bá dà bẹ́ẹ̀ tán ni yóò tó yà sí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ náà dàbí àlọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gun alùpùpù ni ó ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀. Alùpùpù Sega kò mọ èyí. Ohun tí ó fi kọ́ ojú ni ó jẹ́ òtítọ́: kí a máa wo òpin kọ́nà, kí a sì ti dín iná kù kí a tó wọ inú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, eré ẹ̀rọ ti ń sún mọ́ òtítọ́ sí i. Erékùṣù Man wà nínú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ní ọdún 1907 ni ìdíje alùpùpù tí a ń pè ní TT bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ojú títì tí gbogbo ènìyàn ń rìn ni wọ́n ń lò fún un. Àyíká rẹ̀ tó kìlómítà 60, kọ́nà inú rẹ̀ ju 200 lọ, ògiri òkúta, igi àti ilé sì tò sí ẹ̀bá rẹ̀. Láti ọdún 1911 tí wọ́n ti ń díje lórí ọ̀nà yìí, àwọn tí ó ti bá a lọ lé ní 250. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Kylotonn ti ilẹ̀ Faransé sọ ọ́ di eré. Ìtànṣán laser ni a fi wọn ọ̀nà náà, tí ògiri fi dúró síbi tí ó dúró sí gan-an. Ọmọ tí kò dé erékùṣù náà rí lè mọ àwọn kọ́nà náà sórí bí ẹni mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Bí ó bá sì kọlu ògiri, kò pẹ́ tí yóò tún wà lórí títì.

Ní Man, bí ẹnìkan bá ṣubú ṣubú burúkú, àwọn olùṣọ́ ọ̀nà a na àsíá pupa, gbogbo alùpùpù a sì dúró. Nígbà tí ìdíje ọjọ́ náà bá parí, wọn a ṣí títì sílẹ̀, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù a tún máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kan náà kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.