Ìperí fún Ilẹ̀ Gbígbẹ Olókè: Àpẹẹrẹ láti Tibesti

Ìfáárà

Gbólóhùn kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Inú ìtumọ̀ ìwé jọ́gíráfì kan tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti bá a pàdé. Ó sọ pé nínú aṣálẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò kì í pàgọ́ sí inú "odò gbígbẹ". Ibi gíga tí ó wà ní ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n máa ń sùn. Olùkọ́ tí a jọ ń yẹ ìtumọ̀ náà wò gbé ojú sókè, ó ní: "Kí ló dé? Odò tí ó ti gbẹ, kí ni ó tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú ìtumọ̀ náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ọmọdé kò gbọ́ rí. Síbẹ̀, ìperí tí ògbufọ̀ yàn ti yọ ewu kúrò nínú gbólóhùn tí a kọ nítorí ewu.

Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìperí tí a ń lò fún ilẹ̀ gbígbẹ olókè ni ó ní irú àléébù yìí. Ohun tí ojú rí ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi sọ wọ́n lórúkọ, kì í ṣe ohun tí nǹkan náà ń ṣe láti ọdún dé ọdún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pani lára, nítorí pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ní àkókò tiwọn, ohun tí a sì rí lọ́dún yìí kò jìnnà sí ohun tí a ó rí ní ìwòyí ọdún tí ń bọ̀. Ní aṣálẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. A ó fi òkè Tibesti ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé gíga òkè àti gbígbẹ ilẹ̀ pàdé níbẹ̀, àti nítorí pé, bí a ó ti rí i ní ìparí, ibẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí àwòrán ilẹ̀ ti fi hàn.

Òkè láàárín aṣálẹ̀

Tibesti wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Etí rẹ̀ ní ìhà àríwá wọ ilẹ̀ Líbíà. Àpáta àtayébáyé ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àpáta oníyanrìn tẹ́ lé e lórí ní ọ̀pọ̀ ibi, lẹ́yìn náà ni iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde, tí ohun yíyọ́ tí ó dà síta dì gbagidi, tí ó sì di òkè lórí òkè. Emi Koussi, tí ó ga ju 3,400 mítà lọ, ni olórí gbogbo òkè Sàhárà. Àwọn Teda, tí wọ́n jẹ́ apá kan àwọn Tubu, ni wọ́n ń gbé ibẹ̀, àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì sì ti yá ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. *Emi* ni òkè ńlá, *ehi* ni ṣónṣó tàbí òkè olókùúta kékeré, *tarso* ni òkè fẹ̀ǹfẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ́jú tàbí tí ó rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, *enneri* sì ni ipa tí omi ń gbà láàárín òkè.

Èdè Yorùbá kò tálákà ní ìhà yìí. A ní òkè, àpáta, gegele, òkìtì, ṣónṣó, àfonífojì àti ọ̀gbun. Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìdànrè tàbí ní Ṣakí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní ìyàtọ̀ òkè àti àpáta. Fún *tarso*, a dábàá "òkè atẹ́jú", kò sì sí ohun tí a tún fẹ́ sọ lé e. *Enneri* ni ó le, a ó sì padà sí i.

Òkè tí kò yọ iná

"Òkè ayọnáyèéfín" ni ìperí tí àwọn akọ̀ròyìn ti mú di mímọ̀ fún òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ kọ́. Ó dùn létí, ó sì ya àwòrán sí ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Tibesti. Emi Koussi kò yọ iná, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni rí i kí ó yọ ọ́. Toussidé, ní ìwọ̀-oòrùn, a máa rú èéfín díẹ̀díẹ̀ láti inú àlàfo àpáta, kò yọná. Ní Soborom, omi gbígbóná àti ẹrẹ̀ tí ń hó ni à ń rí. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ní ti ìṣẹ̀dá, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé ìperí náà, kò sí èyí tí orúkọ náà bá mu délẹ̀délẹ̀.

A rò pé "òkè oníná" ni ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ gbogbo irú wọn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *oní-* kò sọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó ń sọ ni ìní àti àbùdá. Olóko kò yé jẹ́ olóko nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí kò sí ohun kan lóko. Lẹ́yìn náà ni a lè wá sọ pé òkè oníná kan ń yọná, pé òmíràn ń sùn, tàbí pé òmíràn ti kú. Kí "òkè ayọnáyèéfín" máa wà fún èyí tí ó ń yọná lóòótọ́.

Àwọn òkè wọ̀nyí ní ihò lórí, irú méjì ni ihò náà, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ kan pè wọ́n. Èkíní ni ẹnu tí ohun yíyọ́ gbà jáde. "Ẹnu òkè" tó fún un. Èkejì ni ọ̀gbun ńlá tí ó máa ń wà nígbà tí inú òkè bá ṣófo nítorí ohun tí ó ti dà jáde, tí òrùlé rẹ̀ sì wó sínú. A dábàá "ọ̀gbun àwólulẹ̀" fún èyí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Tibesti wà nítòsí Toussidé. Ó jìn ju 700 mítà lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì funfun bí ẹni pé wọ́n da ẹfun sí i. Orúkọ tí àwọn Faransé fún un túmọ̀ sí Ihò Káún.

Káún yìí tó ohun tí à ń dúró lé lórí. Ògbufọ̀ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ àjèjì fún ohun funfun náà kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó bá ti se ewédú rí ni ó mọ̀ ọ́n. Láti agbègbè adágún Ṣáàdì àti àwọn ibi gbígbẹ ìhà ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá sí ọjà wa láti ìgbà pípẹ́. Bí omi oníyọ̀ bá dúró sójú kan, tí oòrùn fà á gbẹ, ohun tí ó ṣẹ́kù ni káún. Ṣùgbọ́n kí àwọn olùkọ́ kẹ́místírì ṣọ́ra. Orúkọ tí àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà ń pe káún ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé pọtáṣíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, sódíọ̀mù ni. Ẹni tí ó bá lo "káún" gẹ́gẹ́ bí ìperí fún pọtáṣíọ̀mù ti ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ọ̀dá kọ́ ni gbígbẹ ilẹ̀

Mo ti rí i nínú ìwé tí a kọ pé Tibesti jẹ́ "ilẹ̀ ọ̀dá". Àṣìṣe ni. Ọ̀dá ni kí òjò tí à ń retí má rọ̀. Ẹni tí kò retí òjò kò lè sọ pé ọ̀dá dá òun. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etí gúúsù Sàhárà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 àti ní 1984 ni ọ̀dá, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran ibẹ̀ mọ oṣù tí òjò wọn ń rọ̀, tí kò sì rọ̀. Bardaï, ìlú kan ní Tibesti tí ó wà ní nǹkan bí 1,000 mítà sókè, kì í rí tó 25 mílímítà òjò ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ti Ìbàdàn tó nǹkan bí 1,200. Bí ibẹ̀ ti máa ń rí nìyẹn.

A kọ́kọ́ ronú kan "ilẹ̀ ọ̀wọ́n-òjò", a sì fi í sílẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ́n pẹ̀lú a máa dé, a sì máa lọ. "Ilẹ̀ gbígbẹ" ni a padà sí, bí a bá ti lè sọ ìtumọ̀ rẹ̀ pàtó: ilẹ̀ tí ohun tí oòrùn ń fà lọ́dún ju ohun tí òjò ń fún un lọ fíìfíì. Irú ìyàtọ̀ yìí kan náà ni ó wà láàárín ojú-ọjọ́, tí ó jẹ́ ti òní tàbí ti ọ̀la, àti "àbùdá ojú-ọjọ́", tí ó jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a sì rántí pé ilẹ̀ gbígbẹ kì í ṣe ilẹ̀ gbígbóná nígbà gbogbo. Ní orí òkè Tibesti, omi a máa dì ní òru ìgbà òtútù.

Ojú àgbàrá

Ẹ jẹ́ kí a padà sí *enneri*, èyí tí ìwé wa pè ní odò gbígbẹ. Àpáta borokoto ni ẹ̀gbẹ́ òkè Tibesti. Igi kò pọ̀ níbẹ̀, erùpẹ̀ tí ì bá mu omi kò nípọn. Nítorí náà, òjò tí ó bá rọ̀ níbẹ̀ kì í wọlẹ̀. Sísáré ni í sáré bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣóńṣóró omi a pàdé ní àfonífojì kan, wọn a sì di omi ńlá kan kí ènìyàn tó mọ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé òjò lè máa rọ̀ ní orí òkè atẹ́jú nígbà tí oòrùn ń ràn ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó sùn sí ìsàlẹ̀ kò rí òjò, kò gbọ́ àrá. Omi ni yóò jí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, òjò ńlá rọ̀ ní Tibesti fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn aláṣẹ kéde pé ó lé ní 50 ènìyàn tí omi pa, ní ilẹ̀ tí àwọn ìwé ń pè ní gbígbẹ.

Irọ́ kejì tí "odò gbígbẹ" pa wà ní abẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn tí omi bá ti kọjá lọ, apá kan rẹ̀ a wọ inú iyanrìn, a sì dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ kànga sí, ibẹ̀ náà ni igi déètì àti ọgbà àwọn ará Bardaï ti ń rí omi mu. Kò gbẹ lókè, nítorí pé ó lè pani. Kò gbẹ nísàlẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń bọ́ wọn.

"Odò ìgbà òjò" kò bá a mu, nítorí pé irú odò bẹ́ẹ̀ tí a ní nílé a máa padà wá ní àkókò rẹ̀. *Enneri* kò ní àkókò. "Wádì" tí a yá láti inú èdè Lárúbáwá kò burú, àwọn kan yóò sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Ìperí tí a dábàá wà ní ẹ̀yìnkùlé wa: "ojú àgbàrá". Gbogbo agbo ilé ni ó ní ojú àgbàrá. Ó lè gbẹ fún oṣù mẹ́ta kí ọmọdé máa ṣeré níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà tí yóò kọ́lé sí i. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé í wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Orúkọ ohun tí ń bọ̀ ni ìperí yìí fi pe ibẹ̀, yálà ohun náà wà níbẹ̀ lónìí tàbí kò sí.

Ẹnì kan lè sọ pé ojú àgbàrá kéré jù fún àfonífojì tí ó gùn tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà. Ìwọ̀n kò sí nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Òkè ni à ń pe ibi tí ọmọdé lè sáré gùn, òkè náà ni à ń pe Emi Koussi. Nígbà tí mo padà ka gbólóhùn ọjọ́sí sí etí olùkọ́ náà, pé àwọn arìnrìn-àjò kì í pàgọ́ sí ojú àgbàrá, kò béèrè ohunkóhun mọ́.

Eruku tí ó dé ọ̀dọ̀ wa

Láàárín Tibesti àti òkè Ennedi tí ó wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn rẹ̀, àyè kan wà tí afẹ́fẹ́ ìhà àríwá-ìlà-oòrùn máa ń gbà kọjá. Òkè méjèèjì há a mọ́ àárín, ó sì ń sáré sí i. Ibi tí ó já sí ni Bodélé, ilẹ̀ rírẹlẹ̀ tí àwọn onímọ̀ gbà pé eruku rẹ̀ pọ̀ ju ti ibikíbi mìíràn lórí ilẹ̀ ayé lọ. Ní nǹkan bí 100 ọjọ́ lọ́dún ni eruku ń dìde níbẹ̀. Apá kan nínú ohun tí ó ń bo tábìlì wa nígbà ọyẹ́ ti ibẹ̀ wá, òmíràn sì ń sọdá òkun lọ sí igbó Amásónì.

Èdè wa fi "ọyẹ́" pe ìgbà náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀, òtútù rẹ̀ àti kùrukùru rẹ̀ pọ̀. Fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó tó. Fún ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí a máa sọ ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́, eruku ọyẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Bodélé kì í ṣe aṣálẹ̀ lásán. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, abẹ́ omi ni ó wà, nínú adágún kan tí ó tóbi ju gbogbo ilẹ̀ Gánà lọ, tí adágún Ṣáàdì òde òní sì jẹ́ àṣẹ́kù rẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku funfun rẹ̀ jẹ́ èèpo àwọn ewéko inú omi tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. A ti gbìyànjú láti pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní "ojú adágún", kí ó lè bá "ojú àgbàrá" mu, ṣùgbọ́n "ojú omi" ní èdè wa ni òkè omi níbi tí ọkọ̀ ń gbà, èyí sì lè da akẹ́kọ̀ọ́ rú. "Ìtẹ́ adágún" ni a ń lò ní kíláàsì báyìí. Bí ẹ̀ka-èdè kan bá wà ní etí ọ̀sà tàbí ní ìhà òkè odò tí ó ní orúkọ fún ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ lọ, kí àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa.